Ife Omi Méjì Tí Mo Dà Sínú Ìgò Bọ̀ọ̀dá Làmídì

Oṣù tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsúndunrin, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò, ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìlélógún ṣe. Wọ́n ní àwọn ń wo irú iṣẹ́ tí àwọn lè kọ́. Mo lọ, mo sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká túká, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣàṣìṣe kankan rí níbi iṣẹ́?" Mo ní, "Àṣìṣe kéékèèké, ta ni kì í ṣe é?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo délé, n kò lè jẹun.

Nítorí náà mo jókòó láti kọ èyí tí n kò sọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń wá ìtàn bí èèyàn ṣe ń di olówó nídìí epo rọ̀bì, kó lọ bá ẹlòmíràn. Èmi ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́, mo sì jókòó sórí àga rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyẹn ni mo fẹ́ ròyìn.

Sámúẹ́lì Oyèédélé ni wọ́n sọ mí. Ní Ẹ̀jìgbò báyìí, Bàbá Epo ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò wa epo rí, n kò sì dé ìdí kànga epo ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Inú yàrá ni mo ti ṣiṣẹ́, yàrá tí a ti ń dán òkúta wò, ní ìlú aṣálẹ̀ kan létí òkun, lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Àbíjàn ni mo dàgbà sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò, Faransé sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀gá àgbà yàrá náà jẹ́ òyìnbó Faransé tí ó ń wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun fún àwọn òṣìṣẹ́. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Owó rẹ̀ tó jẹun, ó sì tó kọ́lé; ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ọmọ ìlú Ara. Láti ilé wa sí ilé wọn, ọ̀kadà kan péré ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Lárúbáwá ni a ti kọ́kọ́ pàdé. Wọ́n fi nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni wọ́n, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ń pè wọ́n ní Àlájì. Ọjọ́ tí mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí táìlì ilẹ̀ yàrá náà, àwọn ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò wá tìyanu-tìyanu. Inú Bọ̀ọ̀dá dùn débi pé omi lé ròrò sí ojú wọn. Wọ́n bi mí ọmọ ta ni mí, wọ́n bi mí bí ọ̀nà ìlú Ọlá ṣe rí lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà.

"Sámú, a ti kíra tán. Ṣé o rí gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá yìí? Má fọwọ́ kan èyí tí n ò bá ní kí o fọwọ́ kàn."

"Mo ti gbọ́, sà."

"O ò tíì gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń sọ pé òun ti gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí bí kò bá yé yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní yé yín. Epo rọ̀bì kì í ṣe odò tó dúró sí abẹ́ ilẹ̀. Inú òkúta ló wà, nínú ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, òkúta ẹfun ni, irú èyí funfun tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga, epo á máa fi agbára ara rẹ̀ tú jáde. Bó bá pẹ́, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá gbẹ́ kànga mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ ti omi wọlẹ̀ kó lè lé epo jáde.

Ibi tí wàhálà wà ni pé òkúta ẹfun fẹ́ràn epo ju omi lọ. Epo á lẹ̀ mọ́ ọn nínú bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ abọ́ rọ́bà. Bí o bá da omi tútù sí irú abọ́ bẹ́ẹ̀, omi á ṣàn kọjá, epo á sì wà níbi tó wà. Omi òkun ni wọ́n sábà máa ń tì wọlẹ̀, tàbí omi tó bá epo jáde láti inú òkúta fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé omi òkun dà bí omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni àwọn kan rí i pé, bí a bá dín iyọ̀ omi náà kù gan-an, tí a fi omi tí kò níyọ̀ la omi òkun lọ́nà mẹ́wàá tàbí ogún, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í tú epo sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó yé èmi ni pé, bí èrò iyọ̀ bá ti dín kù, àwọn èròjà kan tó wà nínú omi òkun máa ń ráyè dé ara òkúta, pàápàá bí ibẹ̀ bá gbóná, wọ́n á sì ṣí epo kúrò. Omi líle ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá ń pe omi oníyọ̀ púpọ̀ yẹn. Èyí tí a là, omi fífẹ́lẹ́ ni a ń pè é.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òkúta nìkan ni mo fọ̀. Àwọn elépo á gé òkúta láti inú kànga, a óò gbẹ́ ẹ rìbìtì bí ìka ọwọ́, a óò fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ohun tó ń kán lára rẹ̀ yóò fi mọ́. A óò jẹ́ kó gbẹ, a óò fi omi líle kún inú rẹ̀, a óò fi epo ti púpọ̀ nínú omi náà jáde, a óò wá gbé e sínú ààrò oníná fún ogójì ọjọ́. Bọ̀ọ̀dá ní ogójì ọjọ́ yẹn ni òkúta àti epo fi ń tún mọra wọn bí wọ́n ti mọra lábẹ́ ilẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ kó tó pé, epo á jáde wẹ́rẹ́, o óò sì máa jó lórí irọ́.

Ọ̀gá àgbà wọlé lọ́jọ́ kan, òkúta ṣì ku bí ọjọ́ mẹ́jọ nínú ààrò. Ó ní ká yọ ọ́, pé àwọn tó ni iṣẹ́ ń kánjú. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá.

"Sọ fún un kó wá yọ ọ́ fúnra rẹ̀," ni wọ́n wí, "kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ẹ̀."

Èmi wá yíjú sí ọ̀gá, mo ní Àlájì ń bẹ̀ yín, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́ fún àwọn ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀gá kùn, ó sì jáde. Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ mi.

"Mo gbọ́ 'jọ̀ọ́' nínú Faransé tí o sọ yẹn. Èmi ò sọ 'jọ̀ọ́'."

"Mo fi kún un ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, bí wọ́n bá ṣe gbé e fún ẹ ni kí o ṣe gbé e dé ibi tó ń lọ."

Lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti le jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọn iyọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ń wọn nǹkan, wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kódà bí o bá kí wọn ní sàlámù, àfi bí òṣùwọ̀n bá dúró. Mo sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan, wọ́n sì da gbogbo omi tí wọ́n ti fi òwúrọ̀ kíkún pò nù. Inú bí mi. Mo ní ọ̀fìnkìn ò tíì mú mi débi tí ikun imú mi fi máa ba omi jẹ́. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òmíràn.

Ọdún kẹfà ni láburú náà ṣẹlẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa nínú èyí tí wọ́n gé láti kànga jíjìn kan, àwọn tó ni kànga náà sì fẹ́ mọ̀ bóyá omi fífẹ́lẹ́ yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkúta lo ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé. A fi omi líle lé epo inú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, títí tí kò fi jáde mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bọ̀ọ̀dá yí i sí omi fífẹ́lẹ́. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn pò ó láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n dà á dé ìdajì ìgò tí ẹ̀rọ ń fà láti inú rẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé ìyẹn yóò tó wa di ọjọ́ kejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun, wọ́n wọ jálàbíà funfun wọn.

"Sámú, mò ń lọ kí Jímọ́ọ̀. Máa wo ìgò tó ní ìlà yìí. Bí epo bá kán sínú ẹ̀, kọ àsìkò ẹ̀. Ìyókù, fi í sílẹ̀."

"Ẹ máa lọ, sà. Ẹ gbàdúrà fún wa."

Mo jókòó. Epo kò kán. Ojú mi wá ń lọ sára ìgò omi. Nílé ìyá mi, ẹni tó bá kù nílé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi inú àmù wà ní ìdajì kí àgbà tó jáde tó dé. Bí àgbà bá dé tó bá àmù ní ìdajì, ìyá mi á ní wọn kò kọ́ ẹ nílé. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, láti kékeré títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé bí omi náà bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò wọnú ẹ̀rọ. Kẹ́ẹ̀gì méjì wà lábẹ́ tábìlì. Omi inú àwọn méjèèjì mọ́ gaara. Mo fa èyí tó sún mọ́ mi, mo bu ife méjì sínú ìgò náà, mo sì tì í padà. Bọ̀ọ̀dá ti kọ orúkọ omi sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí ló kọjú sí ògiri. N kò yí i wò. Kódà inú mi dùn sí ara mi.

Wọ́n dé láti mọ́sáláṣí. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, sà."

Mo lè sọ ọ́ fún wọn nígbà náà. Lójú mi, kò tó ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ pariwo mọ́ mi lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́, kì í ṣe irọ́ ńlá ni mo kọ́kọ́ pa.

Epo kò jáde ní ọjọ́ kejì. Títí omi inú ìgò náà fi tán, kò kán ẹ̀kán kan. Bọ̀ọ̀dá kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí pé omi fífẹ́lẹ́ kò ṣe nǹkan kan fún òkúta náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni kànga.

Lẹ́yìn oṣù bíi márùn-ún, ọ̀gá àgbà wọlé tòun ti lẹ́tà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti gbé ìkejì òkúta náà, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni kànga, lọ sí yàrá mìíràn ní ìlú òyìnbó, epo sì jáde dáadáa. Àwọn tó ni kànga ń béèrè irú ìdánwò tí àwa ṣe. A máa ń tọ́jú gbogbo omi tó bá gba inú òkúta jáde sínú ìgò kéékèèké. Ọ̀gá kó wọn sílẹ̀, ó mú ẹ̀rọ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí wọ́n ń tì bọ omi láti mọ bí iyọ̀ rẹ̀ ti tó. Ó tì í bọ èkíní, ó tì í bọ ìkejì. Iyọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó dé, kò sún mọ́ ọn. Nígbà tó dé ìgò karùn-ún ni mo rántí kẹ́ẹ̀gì tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá pe àwa méjì sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n bi Àlájì léèrè ta ló po omi náà.

"Èmi ni," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ó ní kí n bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo yíjú sí wọn. "Ó ní ṣé ẹlòmíì fọwọ́ kan omi náà, sà?"

Wọ́n wò mí, kì í ṣe bí ẹni tó fura sí mi, bí ẹni tó ń rántí nǹkan ni. "Sọ fún un pé kò sí. Sámú nìkan ló wà níbẹ̀. Sámú kì í sì í fọwọ́ kan ohun tí n ò bá ní kó fọwọ́ kàn. Bí mo ṣe mọ ọmọ tí mo bí ni mo mọ̀ ọ́n."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá láìfi nǹkan kan kún un, láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìyàwó mi wà nínú oyún, ìwé ìgbélùú wa sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ká ní n kò níyàwó, n kò rò pé ǹ bá sọ ọ́. Ojo ni mí lọ́jọ́ náà, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Bọ̀ọ̀dá padà sí yàrá, wọ́n ṣí ìwé ìṣirò wọn, wọ́n ń ka bí wọ́n ṣe wọn iyọ̀ àti omi náà lọ, wọ́n ń kà á bọ̀. "Ohun tí mo kọ dáa, Sámú. Omi ni ò dáa. Àbí ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo wọ̀n, ọ̀tọ̀ lèyí tí mo kọ?" Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

Èmi ni mo wá sọ pé, "Bóyá ojú ló ti ń ṣe yín, sà."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kábàámọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí mo bá dákẹ́ lásán, bóyá wọ́n á máa wá ìdí rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n mo fún wọn ní ìdí, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n mi orí. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Kí oṣù náà tó parí, ilé iṣẹ́ ti dá wọn padà sílé. Ọdún mẹ́ta ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Mo bá wọn gbé àpótí wọn dé pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì súre fún mi títí ojú fi ń tì mí láti ṣe àmín.

Wọ́n fi mí sí ipò wọn. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, gbogbo irinṣẹ́ ti yí padà. Òṣùwọ̀n tí à ń fi ojú wò di èyí tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ yí di èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń yàwòrán egungun ní ọsibítù. Bí o bá gbé òkúta sínú rẹ̀, o óò máa rí epo àti omi bí wọ́n ṣe ń sún nínú rẹ̀ láìla òkúta. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ní kí wọ́n kun kẹ́ẹ̀gì omi líle ní pupa yòò yípo. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa ti ẹ̀rọ iyọ̀ bọ ìgò ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo le ju Bọ̀ọ̀dá lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀rù mi, wọ́n ń sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì kò gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n rò pé òtítọ́ inú ló ń ṣe mí.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni kànga náà tún gé òkúta mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì gbé e wá fún wa. A fi omi líle lé e títí epo kò fi kán mọ́, mo wá yí i sí omi fífẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, epo kán. Ó tún kán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ga lára ìlà ìgò náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo, wọ́n dì mọ́ mi. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sì bì. Wọ́n lo omi fífẹ́lẹ́ nínú kànga náà lẹ́yìn náà, kànga tí wọ́n ti ń sọ pé ó ti gbó tún bẹ̀rẹ̀ sí í so èso, wọ́n sì fún mi ní àwo ìdánilọ́lá kan. Ó wà nínú páálí. N kò gbé e kọ́ rí.

Gbogbo ìgbà tí mo bá wá sílé fún ìsinmi, n kì í dé Ara. Mo máa ń rán ẹran àti aṣọ sí wọn nígbà Iléyá, láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń dáko ẹ̀gẹ́. Mo rí wọn lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò, wọ́n gbé àpò sí èjìká, wọ́n ń bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀. Mo tẹrí mọ́lẹ̀ nínú mọ́tò mi títí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Ara. Mo bá Bọ̀ọ̀dá níta ilé wọn lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, irùngbọ̀n wọn ti funfun, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Ìyàwó wọn, Ìyá Ráṣídì, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Sámú! Sámú ọmọ Ìsúndunrin! Aà, ojú rẹ rèé!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, n kò dìde. Ibi tí mo wà lórí ilẹ̀ náà ni mo ti sọ ọ́: Jímọ́ọ̀ tí wọ́n lọ kírun, ìgò tó wà ní ìdajì, kẹ́ẹ̀gì tí n kò yí wò.

"Kẹ́ẹ̀gì wo?" ni wọ́n bi mí.

"Ti omi líle, sà."

"Báwo ló ṣe tó?"

"Ife méjì, sà."

"Ife tíì ni àbí ife omi?"

"Ife omi, sà. Èyí funfun tó ní etí."

Wọ́n di ojú. Ètè wọn ń mì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ṣírò iyọ̀ ni. "Ó tó," ni wọ́n wí. "Ife méjì omi líle nínú ìdajì ìgò. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ráṣídì! O gbọ́? Kì í ṣèmi! Mo wọ̀n ọ́n dáadáa! Ọwọ́ mi ò ṣì!" Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì, omi sì ń dà lójú wọn. Mo ti múra sílẹ̀ de èpè. N kò múra sílẹ̀ de ìdùnnú.

Ìyá Ráṣídì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé ìgbà yẹn lẹ ti mọ̀?"

"Ìgbà tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì ni, mà."

"Ẹ sì sọ fún wọn pé ojú ló ń ṣe wọ́n."

Mo fi orí kan ilẹ̀.

"Ráṣídì wa ti gbàwé yunifásítì lọ́dún tí wọ́n dé yẹn," ó ní. "Iṣẹ́ apòògùn ló fẹ́ lọ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní láéláé. Wọ́n ní ẹni tí ò lè wọn iyọ̀ ò gbọdọ̀ fọmọ sílẹ̀ láti máa wọn oògùn fáwọn èèyàn, pé bó bá jogún ọwọ́ àwọn, á pààyàn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ìmáàmù bẹ̀ wọ́n. Ọmọ náà sunkún títí. Bàtà ló ń tà ní Àbíjàn báyìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n jókòó padà wọ̀ọ̀.

"Bá mi pè é," ni wọ́n wí fún ìyàwó wọn.

Ó pè é. Nígbà tí Ráṣídì gbé e, Bọ̀ọ̀dá gba fóònù. Wọ́n na fóònù náà sí mi. "Ìwọ sọ fún un."

Mo gbà á. Mo dárúkọ mi fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látòkèdélẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Mo ní ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, kò sì ní in rí. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó ń béèrè bóyá nọ́ńbà méjìlélógójì wà nínú bàtà yẹn. Ráṣídì ní ó wà, kó dúró díẹ̀.

Ó padà sórí fóònù. "Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Oníbàárà wà níwájú mi."

Ó pa á, mo sì dá fóònù náà padà fún bàbá rẹ̀.